Àmì Tó Wà Lábẹ́ Elégédé

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ọmọ yín kúnlẹ̀ kí yín láti Snellville. Orí kápẹ́ẹ̀tì yàrá ìkàwé ilé ìwé wa ni mo kúnlẹ̀ sí, àwọn ọmọ òyìnbó méjì sì dúró tì mí, wọ́n ń béèrè bóyá nǹkan mi ló jábọ́. Mo kí Màmá mi, tí mo gbọ́ pé wọ́n ti ń sunkún láti ọjọ́ Àìkú bí ẹni pé wọ́n ti sin mí tán. Mo kí Ìyá Àgbà lórí bẹ́ǹṣì wọn níwájú ilé. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó wa. Mo sì kí gbogbo ẹ̀yin ẹbí tó wà nínú gúrúùpù wa lórí fóònù, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ohùn tí Bàbá mi fi ránṣẹ́ tí ẹ sì sáré ṣe àmín bí ẹni pé wọ́n ń pín súyà fún ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ fi àwòrán ọwọ́ tó ń gbàdúrà, mẹ́sàn-án gbáko, tẹ̀ lé tirẹ̀. Ẹ ṣeun. Mo rí yín.

Bàbá, inú ń bí mi. Mo mọ̀ pé ọmọ tó mọ àpọ́nlé kì í kọ irú ìwé yìí sí baba rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ti bí mi tán kí n tó rántí àpọ́nlé. Inú ń bí mi débi pé bí wọ́n bá gbé ìkòkò ẹ̀wà lé mi láyà, yóò jinná kí ẹ tó kà á dé ìdajì, ẹ sì mọ bí ẹ̀wà ṣe máa ń ṣagídí tó.

Inú mọ́tò ni mo ti gbọ́ ohùn yín. À ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, Ọ́ńkù ń wakọ̀, Àńtí, àbúrò yín, jókòó sáàárín pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, èmi sì wà ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá pẹ̀lú kúlà ìrẹsì, nítorí wọn ò fẹ́ kí aṣọ mi kan aṣọ àwọn ọmọ mọ́. Àńtí tẹ fóònù wọn, wọ́n sì gbé e sókè kí gbogbo mọ́tò lè gbọ́. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé mo ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé mo fi ojú ẹgbẹ́ náà àti ẹ̀jẹ̀ sára elégédé, mo gbé e síwájú ilé ẹni tó gbà mí sílé, mo sì sàmì sára ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ ní ká ní ẹ mọ̀ ni, ẹ ì bá má fi ọ̀bẹ ìfíngbá lé mi lọ́wọ́ láéláé. Ẹ wá ní kí Àńtí dá mi padà sílé ní Dìsẹ́ńbà. Ẹ dá mi padà, bí ẹni ń dá ìkòkò tó jò padà fún amọ̀kòkò. Oṣù márùn-ún péré ló kù lẹ́yìn Dìsẹ́ńbà kí n parí ilé ìwé, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn yẹn gùn tó ìwàásù, ẹ kò sì dárúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. "Ọmọ yẹn" ni ẹ ń pè mí.

Àńtí ka àwọn àmín yín sókè lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi délé. Nítorí náà, ẹjọ́ tí ẹ dá ní gbangba, gbangba náà ni mo ti máa rò ó. Fóònù mi wà nínú báàgì iṣẹ́ Àńtí, nítorí náà ọwọ́ ni mo fi ń kọ èyí. Ẹ̀rọ ilé ìwé máa ya á ní fọ́tò, yóò lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, kí ó gbé e sínú gúrúùpù, kí ó má yọ àmì kan kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, bí o bá yọ ọ́, mo máa sọ fún Màmá ẹni tó fọ́ gíláàsì fèrèsé yàrá wọn lọ́jọ́sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń gbé níbí, torí àwọn kan nínú yín rò pé Amẹ́ríkà dà bí ọ̀run, àfi pé ó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Nọ́ọ̀sì ni Àńtí, wákàtí méjìlá ni shift wọn, alẹ́ sì ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Ọ́ńkù ń di ẹrù sínú bàálù ní pápákọ̀ òfuurufú ní College Park, wọ́n ti ń wakọ̀ jáde kí ẹyẹ tó jí. Tí ọ̀kan bá ń wọlé, èkejì ń jáde. Mo rò pé tí wọ́n bá fẹ́ rí ara wọn, àfi kí wọ́n gba àyè lọ́dọ̀ dókítà. Èmi ni mo máa ń dúró de bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn ọmọ wá láti ilé ìwé. Temi, àgbà wọn, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, àbúrò rẹ̀ Dára jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Mo máa fún wọn lóúnjẹ, mo máa jókòó tì wọ́n ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, mo máa bọ́ ṣòkòtò Dára kúrò lórí fìtílà, ẹ má béèrè bó ṣe dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń ká aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan nínú mall ńlá tó wà ní Buford. Mo máa ká a, oníbàárà á wá tú u, á wò ó bí ẹni tó ń wo ẹran tó ti bàjẹ́, á sì sọ ọ́ sílẹ̀. Aṣọ tí mo ti ká níbẹ̀, bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò bo Ọ̀yọ́ láti Akẹ̀sán dé Jàbàtà, yóò sì ku èyí tí wọ́n máa fi nu ẹsẹ̀. Owó iṣẹ́ yẹn ni mo fi ra jígí ojú tí ẹ fi ń fín igbá báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ́ ọ. Ẹ máa nílò rẹ̀.

Òtútù ti dé. Láàárọ̀ ó máa ń bu ènìyàn jẹ ní etí, tó bá di ọ̀sán oòrùn á tún yọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ewé ń wọ́ lulẹ̀, èmi ni mo sì ń gbá a. Ní ilé ìwé, bí wọ́n bá fẹ́ pe orúkọ mi, wọ́n máa ń fi eyín tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó bá òkúta nínú ìrẹsì, nígbẹ̀yìn wọ́n á kàn na ìka sí mi. Èmi nìkan ni mo máa ń jẹun ọ̀sán, èmi àti ògiri. Temi àti Dára nìkan ló ń pè mí ní Sístà Àjíkẹ́ ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí. Yorùbá wọn ń rìn bí ọmọ adìẹ tí òjò pa, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè mí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ elégédé. Ní ìparí oṣù Òkútóbà, àwọn ará ibí máa ń ṣe ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Halloween. Wọ́n á gbẹ́ ojú àti ẹnu sára elégédé, wọ́n á tan iná sínú rẹ̀, àwọn ọmọ á wọ aṣọ iwin, wọ́n á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé tọrọ súìtì. Aládùúgbò tó kọjú sí wa gbé eegun òkú oníke kan sórí koríko, ó ga débi pé mo rò pé ó ń gbọ́ ohun tí àwọn áńgẹ́lì ń sọ. Àńtí máa ń fi ọwọ́ bo ojú Dára tí a bá ń kọjá níbẹ̀. Wọ́n ní kò sí Halloween nínú ilé wọn. Mi ò jà sí i. Ta ni mo jẹ́?

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe ìkórè fún àwọn ọmọdé. Wọ́n á wọṣọ bíi Dáfídì, bíi Ẹ́sítérì, wọ́n á gba súìtì, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì gbé elégédé tó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ wá sórí tábìlì. Olùkọ́ wọn ní kò gbọ́dọ̀ ní ojú ènìyàn, kò gbọ́dọ̀ ní ẹnu, kò sì gbọ́dọ̀ jọ iwin. Èyí tó bá dára jù máa gba Bíbélì ńlá tó ní àwòrán. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ díákónì kan ló gbà á, ìyá ọmọ náà ò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Kódà níbi òkú, Àńtí ní ó dárúkọ Bíbélì yẹn.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o, gbogbo ẹbí: Àńtí fúnra wọn ló ra elégédé méjì. Àńtí fúnra wọn ló gbé e lé orí tábìlì ìdáná. Wọ́n pè mí, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní ṣebí ọmọ onígbá fínfín ni mí, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ gba Bíbélì yẹn lọ́dún yìí kí ẹnu ìyàwó díákónì lè sinmi. Mi ò ra elégédé. Mi ò jí elégédé. Wọ́n rán mi níṣẹ́ ni.

Mo sì ṣe é bí ẹ ṣe kọ́ mi. Bóyá ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Ẹ ní igbá kì í fẹ́ ìkánjú, nítorí náà ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìkórè nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo gé orí rẹ̀ kúrò, a ha inú rẹ̀. Temi fi ṣíbí ha á, ó ń ké pé ó rí bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, ó sì ń tẹ̀síwájú. Dára kó hóró rẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò, ó wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, títí di òní a ṣì ń bá hóró elégédé nínú ìbọ̀sẹ̀. Ẹran rẹ̀ ni mo sè pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́, Ọ́ńkù jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá àwo, wọ́n ní òkú àgbà wo la ń ṣe tí ọbẹ̀ fi dùn báyìí.

Temi fẹ́ ẹja, mo fín ẹja fún un, onípẹ́ẹ́ wínníwínní, bí èyí tí ẹ máa ń fín sí igbá ìyàwó. Dára fẹ́ bàálù torí iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Bàbá, ẹ ò tíì rí bàálù tí wọ́n fín bí igbá rí! Mo fi ewé ṣe ìyẹ́ rẹ̀, mo fín ìlà yí i ká gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń yí ejò ká. Èmi nìkan ló di ọ̀bẹ mú. Àwọn ọmọ fi máákà kun àárín. Fún ọjọ́ méjì gbáko, ẹnikẹ́ni ò wo tẹlifíṣọ̀n nínú ilé yẹn, bẹ́ẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ni olórí ilé níbẹ̀.

Nígbà tó kan abẹ́ wọn, mo yí wọn dà, mo fín àmì ilé wa sí wọn: ojú kan, ìlà mẹ́ta lábẹ́ ojú náà. Àwọn ọmọ béèrè kí ni. Mo sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi lórí àpótí yín, pé ìyá bàbá yín, Ìyá Onígbá, ló máa ń ru igbá ilé wa láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, pé pélé mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, pé nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ta igbá burúkú ní orúkọ wọn, ọkọ wọn fín ojú wọn àti pélé wọn sí abẹ́ igbá kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá rà á lè mọ ẹni tó máa dá a padà fún tó bá fọ́. Mo ní iṣẹ́ tí kò bá ní àmì, ọmọ àlè iṣẹ́ ni, bí ẹ ṣe máa ń wí. Inú Dára dùn bí ẹni tó jogún ilé. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá, ó ní kí n kọ pélé fún òun náà. Mo fi máákà tí kì í tètè ṣí kọ mẹ́ta, mẹ́ta fún un. Temi náà gbé tirẹ̀ wá. Wọ́n dúró níwájú dígí, wọ́n ń pe ara wọn ní Ìyá Onígbá.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe rèé, n ò ní purọ́. Igbá ni mo mọ̀, n ò mọ elégédé. Mo rò pé tó bá ti gbẹ, yóò le bí igbá. Mo fi epo pupa pa á lára kí ó lè dán, bí a ṣe ń ṣe nílé, mo sì gbé méjèèjì sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé kí oòrùn lè gbẹ wọ́n. Igbá máa ń mu epo. Elégédé kò mu nǹkan kan, ó kàn ń wò mí. Ọjọ́ kẹta, wọ́n ṣì dára. Lẹ́yìn náà òjò rọ̀, oòrùn yọ, èmi sì ní ìdánwò, ẹnu ọ̀nà gáréèjì ni gbogbo wa sì ń gbà. Kò sẹ́ni tó yọjú sí wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, Àńtí dé láti ibi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n sì gba iwájú torí wọ́n fẹ́ mú lẹ́tà nínú àpótí. Ohun tí wọ́n bá: ọ̀kẹ́rẹ́ ti jẹ ẹnu ẹja Temi, ó ti di ẹnu gidi tó ní eyín. Bàálù Dára ti wó sínú ara rẹ̀. Ọ̀kan ti dojú dé, abẹ́ rẹ̀ wà lókè, ojú wa ń wo ọ̀run, nǹkan funfun bí òwú sì ti hù yí i ká bí irun ojú. Epo pupa ti ṣàn láti àtẹ̀gùn kìíní dé ìkẹta. Eṣinṣin tó wà níbẹ̀ tó láti dìbò. Àńtí pariwo ẹ̀jẹ̀ Jésù, wọ́n sá padà sínú mọ́tò, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń fọn fèrè mọ́tò títí gbogbo àdúgbò fi yọjú. Kódà mo rò pé eegun òkú aládùúgbò náà yí orí.

Mo sáré jáde. Mo ní epo ni, epo tí a fi ń se ọbẹ̀ ni, kí wọ́n jọ̀ọ́ gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní gbóòórùn ohun tí Sátánì fọwọ́ kàn. Wọ́n béèrè ta ló kọ́ mi ní ojú kan yẹn. Mo ní ilé wa ni. Wọ́n ní irọ́ ni, pé ilé baba àwọn ni, pé kò sí irú ohun ìríra bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà náà ni Temi yọ jáde pẹ̀lú ìlà máákà tó kù díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, Àńtí sì jókòó sílẹ̀ lórí koríko.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ìyá aládùúrà mẹ́rin wá. Wọ́n da òróró sórí àtẹ̀gùn tí epo ti wà. Òróró lórí epo! Ìyá kan yọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ó lọ bá Jésù ní tààràtà láìdágbére fún wa. Mo rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́wọ́, mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ̀rín yẹn ni ẹ̀rí.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ máa ń jẹun kí n tó wọ ilé ìdáná. Wọ́n ti gba obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dúró de bọ́ọ̀sì wọn. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo wáyà iná mànàmáná tó já. Ọ́ńkù ń wo iye owó tíkẹ́ẹ̀tì Dìsẹ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń wá ojú mi, wọ́n tún ń sá fún un.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ohùn yín, Dára wá dúró sí ìta ilẹ̀kùn mi. Kò wọlé, wọ́n ti kọ̀ fún un. Ó béèrè láti ìta bóyá lóòótọ́ ni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun máa là, kí ẹ̀jẹ̀ sì jáde, torí Bàbá tó wà nínú fóònù ní wọ́n ti sàmì sí òun lára. Mo ní rárá. Ó ní òun ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn pọ́n bí ẹyìn, ó ti fi kànìnkànìn tí a fi ń fọ àwo ha á. Ìlà ò sí mọ́. Awọ ló kù.

Ẹ̀yin lẹ ṣe ìyẹn, Bàbá. Kì í ṣe elégédé. Ohùn yín ni.

Ẹ kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ẹ kò ní kí wọ́n fi àwòrán ránṣẹ́. Wọ́n ní ojú kan, ẹ kò tiẹ̀ béèrè pé irú ojú wo, ẹ̀yin tí ẹ ti fín ojú yẹn sí abẹ́ igbá láti ìgbà tí ẹ ti ga tó àga! Àwọn àgbà ló ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ má bínú, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́, bí ó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá sọ ọ́ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ ohun tó ṣe yín. Ẹ̀ ń bẹ̀rù àbúrò yín. Wọ́n gbé mi wá síbí, ẹ wá rò pé ẹnu tó gba oore ò gbọ́dọ̀ béèrè ọ̀rọ̀. Èmi náà mọ oore tí wọ́n ṣe fún mi, mo ń fọ àwo oore náà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni ayé ń bá a pè é. Ẹ̀yin onígbá, ẹ̀ ń pe tiyín ní ohun òkùnkùn. Kí lẹ fẹ́ kí ará Snellville pè é?

Wàyí o. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo máa ń nu kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì inú pálọ̀. Àwo tí a kì í fi jẹun ló wà níbẹ̀, ife tí a kì í fi mu nǹkan, àti igbá ńlá kan láàárín wọn, olódòdó, tí Àńtí máa ń fi han àlejò pé iṣẹ́ ọwọ́ ilé wa ni. Gbogbo wa mọ igbá yẹn. Ẹ̀yin lẹ fún wọn nígbà ìgbéyàwó wọn. Ọdún méjì ni mo ti ń nu orí rẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni mo sì ń nù, torí ọ̀lẹ ni mí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, inú tó ń bí mi jẹ́ kí n nu ohun gbogbo bí ẹni tó fẹ́ bó wọn láwọ. Mo gbé e, mo yí i dà.

Ojú kan. Ìlà mẹ́ta.

Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Mo ronú àtipe Àńtí wá. Mo tiẹ̀ ronú láti dojú rẹ̀ dé sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí ó máa wo àwọn ìyá aládùúrà nígbà tí wọ́n bá tún dé, ẹ mọ̀ mí, ó wù mí débi pé ọwọ́ ń yún mi. N kò ṣe é. Bí èmi bá fi hàn wọ́n, wọ́n á ní èmi ni mo fín in sí i nígbà tí wọ́n ń sùn. Mo dá a padà bí mo ṣe bá a.

Àńtí, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà wà nínú gúrúùpù, ẹ sì ń ka èyí. Mo kí yín. N ò bínú sí yín tó bí mo ṣe bínú sí Bàbá mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni yín nígbà tí wọ́n mú yín lọ sọ́dọ̀ tíṣà ní Èkó kí ẹ lè kàwé. Ẹ ò jókòó ti igbá rí, ẹ ò gbọ́ ìtàn Ìyá Onígbá, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde báyìí, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ yí igbá ìgbéyàwó yín dà. Ẹ pe Temi àti Dára kí wọ́n wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí i, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ fún Dára pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò ní là. Tí ẹ bá sì ní elégédé méjì mìíràn, ìkórè ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú la máa fín in lọ́tẹ̀ yìí, kò sí epo. Mo ti kọ́gbọ́n. Ìyàwó díákónì ò gbọ́dọ̀ gba Bíbélì yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá, tiyín rèé. Ibi tí ẹ ti fi ohùn ránṣẹ́ ni kí ẹ tún fi òmíràn ránṣẹ́ sí, kí ó pariwo tó ti àkọ́kọ́. Ẹ sọ ẹni tó ni àmì náà. Ẹ dárúkọ mi nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá sì sọ nǹkan kan, ó dára, mo máa wálé ní Dìsẹ́ńbà láìparí ìwé. Màá jókòó ti àpótí yín, màá na ọwọ́ fún ọ̀bẹ, ẹ ó sì wò mí lójú kí ẹ tó sọ pé ẹ kò ní fún mi.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Kí ọ̀bẹ má gé yín lọ́wọ́, kí igbá má là mọ́ yín lọ́wọ́, kí oníbàárà má yà lọ́nà. Ẹ bá mi nu ojú Màmá. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá ọkọ wọn. Ẹ kí gbogbo àwọn tó ṣe àmín. Mo ti dárí jì wọ́n, àfi ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ya àmì wa sí ẹ̀yìn ìwé yìí, ẹ̀rọ ilé ìwé á ya ẹ̀yìn náà. Kí ẹ tó tún ṣépè fún un, ẹ kọ́kọ́ wọ jígí yín, kí ẹ yí i dà.

Ọmọ yín ni mí, n kì í ṣe ọmọ àlè,
Àjíkẹ́.